Ibi tí ìyapa ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Agbẹjọ́rò ni mí ní Ìbàdàn. Ojoojúmọ́ ni a ń pe gbólóhùn Látìnì ní kóòtù, èyí ló sì mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè náà fúnra mi láti inú ìwé. Mo ti mọ ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n pín ọ̀rọ̀-ìṣe sí, mo sì lè yí amo, moneo, rego àti audio padà láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí tí wọ́n ti kọ sum, possum, fero, eo, volo, nolo, malo àti fio, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú. Ṣé kò sí òfin kankan tó so wọ́n pọ̀ ni? Ṣé kí n kàn há wọn sórí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Òfin wà, agbẹjọ́rò wa, ó sì pọ̀ ju bí àwọn ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń jẹ́ kó hàn lọ. Ohun tó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe ìwé máa ń tẹ àtẹ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí láti òkè délẹ̀, tí wọ́n á pa ibi tó tẹ̀lé ìlànà pọ̀ mọ́ ibi tí kò tẹ̀lé e lójú ewé kan náà, tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì gbà pé àjèjì ni gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Bí a bá yọ ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò nínú àwọn àtẹ náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ṣẹ́ kù, ìwọ̀nba yẹn náà sì ní ìdí tó ṣeé ṣàlàyé. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì há ohunkóhun sórí, àfi tí ẹ bá ti mọ ibi tí ìyapa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ síbi tí kò ti sí ìyapa rárá, ìyẹn àsìkò aṣetán. Fui ni aṣetán sum, ìyẹn jẹ́ tàbí wà, potui ni ti possum, ìyẹn lè, tuli ni ti fero, ii ni ti eo, volui, nolui àti malui sì ni ti àwọn mẹ́ta tó jẹ mọ́ ìfẹ́-inú, volo (fẹ́), nolo (kò fẹ́) àti malo (fẹ́ jù). Bí ẹ bá ti di àwọn wọ̀nyí mú, ìparí mẹ́fà tí ẹ kọ́ lára amavi ni ẹ ó máa fi sí wọn nídìí: -i, -isti, -it, -imus, -istis, -erunt. Fuisti, tulisti, voluistis, potuerunt: kò sí èyí tó ṣe agídí nínú wọn. Àwọn àsìkò yòókù tó ń ti ara aṣetán yọ náà kò ṣe agídí. Bí a ṣe ń sọ amaveram, amavero, amavissem àti amavisse ni a ń sọ tuleram, tulero, tulissem àti tulisse. Ohun kan péré ló yẹ kí ẹ fiyè sí, ìyẹn ni pé nínú ii, ibi tí i méjì bá ti pàdé níwájú s, wọ́n sábà máa ń di ẹyọ kan, a ó sì rí isti àti isse nínú ìwé. Ivi ni ìrísí àtijọ́ rẹ̀, ẹ ó máa bá a pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì kan, ìbáà ṣe alágídí tó báyìí, tó ní ìparí aṣetán tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdajì àtẹ ni mo fi ìpínrọ̀ kan mú kúrò lọ́rùn yín yẹn.

Kí ẹ lè rí bí aṣetán sum ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìwé gidi, ẹ wo ohun tí Virgil, akéwì ará Róòmù, fi sẹ́nu àlùfáà kan ní ìlú Tírọ́ì lóru ọjọ́ tí ìlú náà ṣubú: Fuimus Troes, fuit Ilium. A ti jẹ́ ará Tírọ́ì rí, Ilium, ìyẹn Tírọ́ì náà, ti wà rí, ó sì ti tán. Ó fi aṣetán ọ̀rọ̀ náà sọ pé ohun náà kò sí mọ́, láìlo ọ̀rọ̀ ìyísódì kankan. Ẹni tó bá mọ fui sí ìrísí inú àtẹ nìkan kò ní gbọ́ ìbànújẹ́ inú gbólóhùn yẹn.

Ó wá ku ìpìlẹ̀ ìsinsìnyí, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà wà. Síbẹ̀, níbẹ̀ náà, ìparí tó ń fi ẹni hàn kò yí padà: -o tàbí -m fún ẹni kìíní, -s fún ẹni kejì, -t fún ẹni kẹta, -mus, -tis àti -nt fún ọ̀pọ̀. Èyí kò mọ́ àwa tí Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wa lára, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà bí ẹni tó ń ṣe nǹkan bá yí padà: mo lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ, lọ kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbá gbogbo ọ̀rọ̀ Látìnì mú lódindi, tí a kì í gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ máa gé e. Ẹ máa bi ara yín pé èwo ni ìpìlẹ̀, èwo ni ìparí, kí ló sì wà láàárín wọn. Ìbéèrè kẹta yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù.

Fero, tó túmọ̀ sí gbé tàbí rù, ló fi í hàn kedere jù lọ. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rego tí ẹ ti mọ̀: rego, regis, regit, regimus, regitis, regunt; fero, fers, fert, ferimus, fertis, ferunt. Mẹ́ta péré ló yà nínú mẹ́fà, ohun kan náà ló sì ṣẹlẹ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: fáwẹ̀lì i tí ẹ bá nínú regis, regit àti regitis kò sí níbẹ̀, wọ́n so -s, -t àti -tis mọ́ fer- láìfi ohunkóhun sáàárín. Àìsí fáwẹ̀lì yìí kan náà ló fà á tí infinitive rẹ̀, ìyẹn ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò fi ẹni hàn, fi jẹ́ ferre, tí a kò fi ní ferere, tí àṣẹ fún ẹnì kan fi jẹ́ fer, tí ti ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ferte. Bí ẹ bá mú u lọ sí ìrísí tí olùwà ti ń gba ìṣe dípò kó ṣe é, ẹ ó tún bá a níbẹ̀ nínú ferris àti fertur. Gbogbo ìyókù, ferebam, feram, feres, feret, ferens, ferendus, jẹ́ bíi ti rego lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹ ò rí i pé ọmọ ìsọ̀rí kẹta ni fero, tí fáwẹ̀lì kan kàn fò lára rẹ̀ níbi mélòó kan. Ẹni tó há àtẹ fero sórí láti òkè délẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe.

Ṣùgbọ́n tuli àti latum ńkọ́? Ó dájú pé kò sí bí a ṣe lè fa tuli jáde lára fer-. Gbòǹgbò mìíràn ni tuli ti wá, èyí tó bí tollo, ìyẹn gbé sókè, àti tolero, ìyẹn fara dà. Latum náà ti ara gbòǹgbò kejì yìí yọ: tlatum ló jẹ́ nígbà láéláé, ṣùgbọ́n t àti l kì í dúró pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ará Róòmù, ni t bá bọ́. Nítorí náà, gbòǹgbò méjì ló pín ọ̀rọ̀-ìṣe kan láàárín ara wọn, èkíní mú ìsinsìnyí, èkejì mú aṣetán àti ohun tó kù. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ irú nǹkan báyìí nínú go àti went. Ẹ sì ti ń lo ojú méjèèjì fero nínú Gẹ̀ẹ́sì láìfura, nítorí pé transfer àti translate, refer àti relate, ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì kan náà ló bí wọn méjì méjì, ọ̀kan láti ara fer-, èkejì láti ara lat-.

Sum ló wá kàn, òun sì ni baba gbogbo wọn. Gbòǹgbò rẹ̀ ni es-. Bí ẹ bá fi ìparí kàn án láìfi fáwẹ̀lì sáàárín gẹ́gẹ́ bíi ti fero, est àti estis jáde tààrà. Bí -s bá sì bá s tó wà nínú gbòǹgbò, ìkan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ, ó di es. Nínú sum, sumus àti sunt, e tó wà níwájú gbòǹgbò ló bọ́, s nìkan ló kù, tí wọ́n sì fi u sáàárín òun àti ìparí. Bó ṣe rí nìyẹn ní ìsinsìnyí. Èyí tó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù ni eram àti ero, nítorí wọn ò rí s mọ́, r ni wọ́n rí. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Nígbà láéláé, s kan ṣoṣo tó bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì nínú èdè Látìnì di r, ìyípadà náà sì ti parí kí ìwé Látìnì tó wà lọ́wọ́ wa lónìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Esam di eram, eso di ero. Ìyípadà yìí kan náà ni ẹ ti bá pàdé lára ọ̀rọ̀-orúkọ, bóyá ẹ ò kàn fura ni: flos di floris, genus di generis, mos di moris. Àwọn ará Róòmù pàápàá rántí pé ó ṣẹlẹ̀. Cicero kọ ọ́ nínú lẹ́tà kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Papirius Paetus pé Papisius ni wọ́n ń pe àwọn baba ńlá ìdílé náà tẹ́lẹ̀. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀ pé orúkọ ìdílé kan lè jẹ́rìí sí ìdí tí eram fi ní r.

Gbòǹgbò kejì tó wà nínú sum ni fu-, tó ní í ṣe pẹ̀lú dídi nǹkan, òun ló fún wa ní fui, futurus àti fore, infinitive kékeré tí wọ́n ń lò dípò futurum esse. Gbòǹgbò yìí náà ló bí fio, tí mo máa padà sí.

Bí ẹ bá ti ní sum, ẹ ti ní possum. Pot-, tó túmọ̀ sí alágbára, ni wọ́n lẹ̀ mọ́ sum. Níbi tí sum bá ti fi e bẹ̀rẹ̀, pot- kò yí padà: potes, potest, potestis, poteram, potero. Níbi tó bá ti fi s bẹ̀rẹ̀, t inú pot- á di s: possum, possumus, possunt, possim. Infinitive rẹ̀, posse, àti possem tó ń ti ara rẹ̀ yọ nìkan ni wọ́n gé kúrú. Ẹ lo òfin yìí kan náà fún prosum, ìyẹn ṣe àǹfààní, d ni yóò máa yọjú níbẹ̀ níwájú e: prosum, prodes, prodest, prosumus, prodestis, prosunt. Absum, adsum, desum, praesum àti supersum kò tiẹ̀ ní ìyípadà bẹ́ẹ̀. Adsum ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi jẹ àlùfáà nínú Ìjọ Àgùdà fi ń dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ nínú ìsìn elédè Látìnì: mo wà níhìn-ín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí infinitive, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i gbangba pé òfin kan ló ń darí alágídí àti onígbọràn. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ́ pé -re ni ìparí infinitive: amare, monere, regere, audire. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tó délẹ̀. -se ni ìparí náà gan-an. Lára es- ó di esse, níbi tí ẹ ti rí i lójúkojú láìsí ìbòjú. Láàárín fáwẹ̀lì méjì, s rẹ̀ di r gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ, ló fi jẹ́ amare. Lẹ́yìn r inú fer-, s náà fara wé aládùúgbò rẹ̀, ferse di ferre. Lẹ́yìn l inú vel-, ohun kan náà ṣẹlẹ̀, velse di velle, nolle àti malle sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ìparí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, ìró tó wà níwájú rẹ̀ ló ń pinnu ojú tó máa fi hàn wá.

Èrè tó wà nínú èyí pọ̀. Subjunctive ni ìrísí tí wọ́n fi ń sọ ohun tí a fẹ́ tàbí tó lè ṣẹlẹ̀. Subjunctive àìṣetán, èyí tó máa ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù, kò ju pé kí ẹ mú infinitive, kí ẹ fi ìparí ẹni kàn án: amarem, regerem. Ẹ dán an wò lára àwọn alágídí. Esse fún wa ní essem, posse fún wa ní possem, ferre fún wa ní ferrem, ire fún wa ní irem, velle fún wa ní vellem, nolle fún wa ní nollem, malle fún wa ní mallem. Kò sí ẹyọ kan tó yapa. Fio nìkan ló ní infinitive tó parí sí i, fieri, síbẹ̀ fierem ni subjunctive rẹ̀, bí ẹni pé fiere ló wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Nínú gbogbo gírámà Látìnì, mi ò mọ òfin mìíràn tó kéré tó báyìí tó ṣiṣẹ́ tó báyìí.

Subjunctive ìsinsìnyí kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì péré ló pín sí. Ẹgbẹ́ kan ń lo i: sim, possim, velim, nolim, malim. Ẹgbẹ́ kejì ń lo a gẹ́gẹ́ bíi regam: feram, eam, fiam. I ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ àṣẹ́kù ìrísí àtijọ́ tí wọ́n fi ń sọ ohun tí ọkàn ń fẹ́, kò sì yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jẹ mọ́ ìfẹ́-inú wà lára àwọn tó dì í mú.

Ní ti àwọn mẹ́ta yìí, volo, vis, vult, volumus, vultis, volunt ni ìsinsìnyí àkọ́kọ́ wọn. Vult àti vultis kò ní fáwẹ̀lì láàárín, bíi fert àti fertis. Vis ni mo ní kí ẹ há sórí lóòótọ́, nítorí gbòǹgbò mìíràn ló ti wá. Nolo ni ne pẹ̀lú volo, malo sì ni magis pẹ̀lú volo, ìyẹn fẹ́ jù. Ìsopọ̀ náà délẹ̀ níbi tí v ti wà níwájú o, ó fi jẹ́ nolo, nolumus, nolunt àti malo, malumus, malunt. Níbi tí kò ti délẹ̀, ẹ ó rí ìpín méjèèjì lójúkojú: non vis, non vult, non vultis, ọ̀rọ̀ méjì méjì, àti mavis, mavult, mavultis, níbi tí v kò tíì bọ́. Ní àsìkò ọjọ́ iwájú, volam, voles, volet ni wọ́n ń sọ, bíi ti ìsọ̀rí kẹta gan-an.

Ẹ̀yin gan-an ń pe infinitive nolo lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ bá lo agbára tí abala 174 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún un láti dá ẹjọ́ ọ̀daràn dúró, tàbí tí ti ìpínlẹ̀ lo ti abala 211, nolle prosequi ni gbogbo kóòtù ń pè é. Nolle ni infinitive tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé, prosequi sì ni infinitive ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tó túmọ̀ sí lépa: kí a má fẹ́ láti lépa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Àṣẹ tó ń ti ara nolo jáde, noli fún ẹnì kan àti nolite fún ọ̀pọ̀, ni ọ̀nà tí èdè Látìnì sábà máa ń gbà sọ pé má ṣe nǹkan, infinitive ló sì ń tẹ̀lé e. Nínú Bíbélì Látìnì, Noli me tangere ni Jésù sọ fún Màríà Magidalénì ní Jòhánù 20:17, má fọwọ́ kàn mí. Nolite timere ni áńgẹ́lì sì sọ fún àwọn olùṣọ́-àgùntàn ní Lúùkù 2:10, ẹ má bẹ̀rù. Volo fúnra rẹ̀ kò ní ìrísí àṣẹ. Mo gbà pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló fà á, torí kò sí bí a ṣe lè pàṣẹ fún ẹlòmíràn pé kó fẹ́ nǹkan.

Eo, ìyẹn lọ, kò ní ju òfin kan lọ. I ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n níwájú a, o àti u ó ń di e. Eo, is, it, imus, itis, eunt: ẹ fi òfin náà wò ó, ẹ ó rí i pé ó bá gbogbo wọn mu. Eam fún subjunctive, ibam fún àìṣetán, ibo, ibis, ibit fún ọjọ́ iwájú. Iens ni ẹni tó ń lọ, ṣùgbọ́n euntis ni nígbà tó bá yí padà, nítorí u ti dé. Àṣẹ rẹ̀, i, jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ite ni fún ọ̀pọ̀, òun sì ni àlùfáà fi ń tú ìjọ ká ní òpin Máàsì elédè Látìnì: Ite, missa est. Abeo, exeo, redeo, pereo, transeo, gbogbo wọn ń tẹ̀lé eo láìyẹsẹ̀. Ẹ kọ́ ọ dáadáa, nítorí ẹ ó máa rí i lójú ewé gbogbo.

Fio ni mo ṣèlérí pé mo máa padà sí. Òun ló ń dúró fún ìsinsìnyí facio níbi tí olùwà ti ń gba ìṣe, tó fi túmọ̀ sí di ṣíṣe, di nǹkan, tàbí ṣẹlẹ̀. Ìparí rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń ṣe nǹkan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ń ṣe nǹkan sí: fio, fis, fit, fiunt. Aṣetán rẹ̀ kò ti ara rẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ facio ló ti yá a: factus sum. Fiat lux ni Jẹ́nẹ́sísì 1:3 nínú Bíbélì Látìnì, kí ìmọ́lẹ̀ ó wà. Fiat voluntas tua ló wà nínú Àdúrà Olúwa, ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe. Subjunctive ni fiat nínú méjèèjì. Ẹ tún mọ ìwé àṣẹ fieri facias, tí wọ́n fi ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹni tó jẹ gbèsè lẹ́yìn ìdájọ́. Facias ni subjunctive ẹni kejì facio, fieri sì ni infinitive fio, ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ń sọ fún òṣìṣẹ́ kóòtù pé kó mú kí ó di ṣíṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lójú méjì nínú gbólóhùn kan. Bí facio bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn níwájú, ẹ wo fáwẹ̀lì rẹ̀: níbi tó bá ti ṣì jẹ́ -facio, bíi patefacio, patefio ni yóò dà, níbi tó bá ti di -ficio, bíi interficio, ìlànà gbogbogbòò ló ń tẹ̀lé, interficior.

Ẹ lè wá béèrè pé, bí òfin bá wà tó báyìí, kí ló dé tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gan-an fi yàtọ̀, tí amo àti audio kò yàtọ̀? Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé lílò lójoojúmọ́ ló dì wọ́n mú. Ọmọdé ń gbọ́ est, vult àti fert lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà kò ní ìdí láti tún wọn ṣe sí àwòrán ọ̀rọ̀ tó kù. Ọ̀rọ̀ tí a kì í lò púpọ̀ ni ènìyàn máa ń gbàgbé ìrísí rẹ̀, tí á sì ṣe é bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí èyí ti wà láàárín àwọn ará Róòmù fúnra wọn: Varro, tó gbé ayé láti ọdún 116 sí 27 ṣáájú ìbí Jésù, lo ìwé mẹ́ta odindi láti gbé àwọn tó ní èdè ń tẹ̀lé ìlànà àti àwọn tó ní àṣà ẹnu ló ń darí rẹ̀ yẹ̀ wò, Julius Caesar náà sì kọ ìwé lórí ìhà ìlànà.

Nígbà tó yá, agídí náà rọ̀ lẹ́nu àwọn gbáàtúù. Wọ́n fi -re kún esse, ó di essere tí àwọn ará Ítálì ń sọ títí dòní. Velle di volere, posse di potere, àwọn náà ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Ítálì bẹ́ẹ̀. Èdè Potogí àti Sípáníìṣì, tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Bràsíl àti Kúbà ń sọ lójoojúmọ́, ṣe ohun tó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: wọ́n gba fui, aṣetán sum, wọ́n sì fi ṣe aṣetán lọ pẹ̀lú, tó fi jẹ́ pé lẹ́nu wọn, fui lè jẹ́ mo jẹ́, ó sì lè jẹ́ mo lọ. Gbòǹgbò tuntun tún wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe àtijọ́ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí tuli ṣe wọ inú fero.

Díẹ̀ ló kù, mi ò sì ní pẹ́ lórí wọn. Do, dare kò yàtọ̀ sí amo ju pé a rẹ̀ kúrú lọ́pọ̀ ibi, àti pé dedi ni aṣetán rẹ̀. Edo, ìyẹn jẹun, ní ìrísí kúkúrú tí wọ́n kọ bíi ti sum, ēs, ēst, ēsse, e gígùn ni wọ́n fi ń pè é. Bí est inú ìwé yín bá ní oúnjẹ nítòsí rẹ̀ tí ìtumọ̀ kò sì bọ́ sí i, ẹ rántí èyí. Odi àti memini ní ìrísí aṣetán nìkan, ṣùgbọ́n ìsinsìnyí ni ìtumọ̀ wọn, mo kórìíra àti mo rántí.

Ní ti bí ẹ ó ṣe ṣe é, ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mọ sum dé ibi tí ẹnu yín á fi máa pè é fúnra rẹ̀, nítorí pé possum àti gbogbo aṣetán tó ń lo sum dúró lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ mú eo, kí ẹ tó wá kan fero, lẹ́yìn wọn ni àwọn mẹ́ta tó jẹ mọ́ ìfẹ́-inú, kí fio gbẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe àdàkọ àtẹ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀-ìṣe onígbọràn kan àti alágídí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ nìkan, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ sókè. Ibi tí ẹ kò bá rí ìdí sọ, bíi vis, ni kí ẹ há sórí.

Ibi tó máa ṣe yín ní wàhálà jù lẹ́yìn èyí ni ìwé atúmọ̀ èdè, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi fero ṣẹ̀dá máa ń yí kọ́ńsónáǹtì iwájú wọn padà bí gbòǹgbò bá ṣe ń yí padà. Affero, attuli, allatum ni. Aufero, abstuli, ablatum. Confero, contuli, collatum. Effero, extuli, elatum. Offero, obtuli, oblatum. Refero, rettuli, relatum. Ẹ kọ wọ́n mẹ́ta mẹ́ta sínú ìwé pélébé kan tí ẹ ó máa mú dání, nítorí pé ẹni tó bá rí allatum nínú ìwé, tó lọ wá a lábẹ́ al-, lè má rí i. Bí ẹ bá sì pàdé sustuli tàbí sublatum, ẹ má wá wọn lábẹ́ suffero, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ojú wọn jọ. Lábẹ́ tollo ni ẹ ó ti bá wọn, torí òun ló ń lò wọ́n fún aṣetán rẹ̀.